Bí a ṣe ń mú ọ̀rọ̀ àpèjúwe tó yẹ ní èdè Sípáníìṣì nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì fún wa ní ẹyọ kan

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ lẹ́tà ní èdè Sípáníìṣì, mo fẹ́ ròyìn obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ tí mo ti fi sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló wà lórí mi lọ́jọ́ náà: "my old boss". Mo ṣí dikṣọ́nárì, mo wo "old", mo bá *viejo* níbẹ̀, mo sọ ọ́ di abo torí obìnrin ni, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn *jefa*, ó di *mi jefa vieja*. Èsì tó padà wá ni pé: "Ẹni ọdún mélòó ni màmá yẹn, tí wọn ò fi tíì jẹ́ kó fẹ̀yìn tì?" Bẹ́ẹ̀ ọ̀gá tí mò ń wí ò tíì pé ogójì ọdún. *Mi antigua jefa* ló yẹ kí n kọ.

Dikṣọ́nárì ò ṣì mí lọ́nà. Èmi ni mo bi í ní ìbéèrè tí kò pé. Lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, "old" kan ṣoṣo yẹn ló ń sọ arúgbó, ló ń sọ bàtà tó ti gbó, ló ń sọ ìlú àtijọ́, òun náà ló ń sọ ọ̀gá tí a ti fi sílẹ̀. Sípáníìṣì ò gbà bẹ́ẹ̀, ńṣe ló pín wọn. Nígbà tí mo padà rò ó, mo rí i pé Yorùbá pàápàá ti pín wọn kí n tó débẹ̀. Ká ní mo ti sọ ọ́ ní Yorùbá nínú ara mi kí n tó ṣí ìwé, "ọ̀gá mi tẹ́lẹ̀" ni ǹ bá sọ. Kò sí bí "ọ̀gá mi arúgbó" ṣe máa jáde lẹ́nu mi. Ohun tí mò ń ṣe látìgbà náà ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ síbí: Gẹ̀ẹ́sì kì í bá mi lọ sídìí dikṣọ́nárì mọ́ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ Yorùbá kọjá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mú ohun tó ń ṣàpèjúwe dání

Ọ̀rọ̀ àpèjúwe kì í dá rìn. Ẹ kọ gbólóhùn yín sílẹ̀ tán, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ méjì: ọ̀rọ̀ àpèjúwe náà, àti ọ̀rọ̀ orúkọ tó so mọ́. Tí ẹ bá ń wá "heavy", ṣé "heavy" ti àpótí ni, àbí ti òjò, àbí ti ẹni tó ń mu sìgá bí ẹní mu omi? Àpótí tó wúwo ni *maleta pesada*. Òjò ńlá, *lluvia fuerte* tàbí *lluvia intensa* ni. Ọ̀nà tí ọkọ̀ dí pa, *tráfico intenso*. Ẹni tí sìgá ti di bárakú fún, *fumador empedernido* ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ tí ẹ ò lè ṣèèṣì rí tó bá jẹ́ pé "heavy" nìkan lẹ tẹ̀. Tí ẹ bá wá pe èèyàn ní *pesado*, ohun tí wọ́n sábà máa gbọ́ ni pé onítọ̀hún ń sú èèyàn, pé tó bá ti jókòó tini kì í lọ bọ̀rọ̀. Kò kan bí ara rẹ̀ ṣe tóbi tó.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá kí ẹ tó wá a

Orí èyí ni mo máa pẹ́ sí jù, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ẹ jẹ́ ká tú "old" palẹ̀ dáadáa.

Tó bá jẹ́ èèyàn ni, tí Yorùbá yín sì sọ pé "àgbàlagbà", *mayor* ni: *una persona mayor*, *un señor mayor*. Ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀wọ̀ nínú. *Viejo* fún èèyàn lè dà bí ìgbà tí a pe bàbá kan ní "arúgbó yìí" lójú ara rẹ̀. A ò purọ́, ṣùgbọ́n ta ló rán wa níṣẹ́? *Anciano* wà fún ẹni tó ti dàgbà gan-an, ó sì bá ìwé kíkọ mu ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ.

Tó bá jẹ́ "ẹ̀gbọ́n" lẹ sọ, *hermano mayor* tàbí *hermana mayor* ni, àbúrò sì ni *hermano menor* tàbí *hermana menor*. Ibí yìí ni mo ti máa ń rẹ́rìn-ín, torí àwọn tó gbé "older brother" wá láti inú Gẹ̀ẹ́sì á máa wá bí wọ́n ṣe máa fi *viejo* ṣe é. Ọmọ Yorùbá mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n kò ní í ṣe pẹ̀lú ogbó. Ọmọ ọdún márùn-ún lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n.

Tó bá jẹ́ ohun tó ti "gbó", *viejo* wọlé láìsí àríyànjiyàn: *zapatos viejos*. Tó bá jẹ́ ti "ayé àtijọ́", *antiguo* ni: *una ciudad antigua*. Ẹ wo ìyàtọ̀ yìí dáadáa: *muebles viejos* ni àga àti tábìlì tí wọ́n fẹ́ gbé dànù, *muebles antiguos* ni èyí tí olówó ń wá kiri. Ọ̀rọ̀ kan náà ní Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ta ọjà rẹ̀ ò ní fi ọ̀kan pe èkejì.

"Tẹ́lẹ̀" ni *antiguo* tó jókòó síwájú ọ̀rọ̀ orúkọ, bíi ti ọ̀gá mi. "Ọ̀rẹ́ ọjọ́ pípẹ́" ni *un viejo amigo*, kódà bí ẹ̀yin méjèèjì bá ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ọtí tàbí wàrà gbígbẹ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ kó pẹ́ kó lè dùn, *añejo*: *ron añejo*, *queso añejo*. Ẹ kà á wò: "old" kan, ọ̀nà bíi mẹ́fà, Yorùbá sì ti dárúkọ gbogbo wọn kí a tó ṣí ìwé.

"Thick" náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé tàbí ògiri "nípọn", *grueso*: *un libro grueso*, *una pared gruesa*. Ọbẹ̀ "ki", *espeso*: *una sopa espesa*. Igbó "dí", *un bosque tupido*. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa sọ pé ìwé ki tàbí pé ọbẹ̀ nípọn, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni nínú wa kọ *sopa gruesa*. "Light" ńkọ́? Ohun tó "fúyẹ́" ni *ligero*, tàbí *liviano* ní ibi púpọ̀ ní Látìn Amẹ́ríkà. Àwọ̀ tí kò ki ni *claro*: *azul claro*. Yàrá tí ìmọ́lẹ̀ ń wọ̀ dáadáa ni *luminoso*. Ọgbẹ́ "tí kò tó nǹkan" ni *leve*: *heridas leves*, ọ̀rọ̀ tí ẹ máa rí nínú ìròyìn ìjàǹbá ọkọ̀.

"Hot" rọrùn jù: omi "gbóná", *caliente*. Ata "ta", *picante*. Ọjọ́ tí "ooru mú", *un día caluroso*. "Nice" náà, ọ̀rọ̀ tí kò ní eegun yẹn, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ fẹ́ sọ gan-an. Ṣé ọlọ́yàyà lonítọ̀hún ni, *simpático*? Ṣé onínúure ni, *amable*? Àbí ilé rẹ̀ ló rẹwà, *bonito*?

Ṣùgbọ́n ajádìí asẹ́ kò sí níbi kan tí kò sí níbòmíì. Asẹ́ Yorùbá yìí náà ní ibi tó ti lu, ẹ sì ní láti mọ ibẹ̀. Ẹ wo "tutù". Omi tútù ni *agua fría*. Ẹja tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ni *pescado fresco*. Aṣọ tí kò tíì gbẹ ni *ropa mojada*. Igi ìdáná tó ṣì tutù ni *leña verde*. Èèyàn tútù ni *una persona tranquila*. A pè wọ́n ní orúkọ kan, Sípáníìṣì pè wọ́n ní márùn-ún. Tí ẹ bá pe èèyàn jẹ́jẹ́ ní *frío*, bú lẹ bú u: ohun tí ẹ sọ ni pé kò láàánú, kò sún mọ́ èèyàn.

Ẹ wo "kúrú" náà. Ó ya mí lẹ́nu pé Yorùbá ya gíga sọ́tọ̀ kúrò lára gígùn, gẹ́gẹ́ bí Sípáníìṣì ṣe ya *alto* sọ́tọ̀ lára *largo*, a wá kó òdìkejì àwọn méjèèjì sínú kúkúrú. Sípáníìṣì ò kó wọn pọ̀. Èèyàn kúkúrú ni *bajo*, irun kúkúrú ni *corto*, ọ̀rọ̀ ìkíni ṣókí ni *breve*. Ẹ má pe èèyàn ní *corto* torí ìdúró rẹ̀. Ní Sípéènì, wọ́n lè gbọ́ ọ bíi pé ọpọlọ rẹ̀ ò tètè ń gbé nǹkan. "Pupa" náà fẹ̀ ju *rojo* lọ. Ẹni tí àwa ń pè ní obìnrin pupa torí àwọ̀ ara rẹ̀, *de piel clara* ni. Wáìnì pupa ò jẹ́ *rojo* láé, *vino tinto* ni, ẹni tó ní irun pupa sì ní orúkọ tirẹ̀, *pelirrojo* tàbí *pelirroja*.

Ìgbà míì wà tí tiwa ń pín nǹkan ju tiwọn lọ. Gẹ̀ẹ́sì ní "broken". Àwa sọ pé àwo fọ́, eegun kán, aṣọ ya, okùn já, ẹ̀rọ bàjẹ́. *Roto* gba mẹ́rin àkọ́kọ́: *plato roto*, *hueso roto*, *camisa rota*, *cuerda rota*. Ẹ̀rọ nìkan ló máa ń fẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, *estropeado* ní Sípéènì, *descompuesto* ní Mẹ́síkò. Níbí, tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ márùn-ún torí pé Yorùbá ní márùn-ún, ẹ ń fi ara yín ṣíṣẹ́ lásán.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ṣé ọ̀rọ̀ àpèjúwe tiẹ̀ ni í ṣe?

Ìgbésẹ̀ yìí ló dùn mọ́ mi jù, torí ọmọ Yorùbá ti ṣíwájú níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì sọ pé "I am hungry", ó fi ọ̀rọ̀ àpèjúwe sọ ọ́. Àwa ò sọ bẹ́ẹ̀: ebi ló ń pa wá. Sípáníìṣì náà ò sọ bẹ́ẹ̀: *tengo hambre*, ebi ni mo ní. Ẹ máa bá a lọ. Òùngbẹ ń gbẹ mí, *tengo sed*. Oorun ń kùn mí, *tengo sueño*. Òtútù ń mú mi, *tengo frío*. Ẹ̀rù ń bà mí, *tengo miedo*. Ojú ń kán mi, *tengo prisa*. Ojú ń tì mí, *tengo vergüenza* tàbí *me da vergüenza*.

Òfin tí mo fà yọ nínú rẹ̀ nìyí: tó bá jẹ́ pé ní Yorùbá, nǹkan kan ló ń ṣe yín (ó ń pa yín, ó ń mú yín, ó ń bà yín), ẹ fura. Ó ṣeé ṣe kí Sípáníìṣì fẹ́ *tener* ("ní", òun ló di *tengo* lókè yìí) pẹ̀lú ọ̀rọ̀ orúkọ. "Ooru ń mú mi" ni *tengo calor*, "ooru mú lónìí" sì ni *hace calor*. Ẹni tó bá túmọ̀ "I am hot" ní tààrà sí *estoy caliente* ti sọ ohun tí kò ní lọ́kàn, torí ìfẹ́ ìbálòpọ̀ ni wọ́n máa gbọ́ nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni "you are right": a ní "o jàre", àwọn ní *tienes razón*. Kò sí ọ̀rọ̀ àpèjúwe nínú méjèèjì.

Ọ̀nà kejì tí ọ̀rọ̀ àpèjúwe fi ń pòórá ni tí a bá ń sọ ohun tí wọ́n fi ṣe nǹkan. "Wooden", "woollen", "leather": *de madera*, *de lana*, *de cuero*. Níbi tí àwa ti ń sọ pé àga onígi, báàgì aláwọ, *de* ni wọ́n ń lò níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ lọ, kí ẹ sì padà

Ìgbà tí ẹ bá dé ibi yìí lẹ tó lè ṣí dikṣọ́nárì. Ẹ wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, ẹ kọ gbogbo ohun tó fún yín sílẹ̀, kí ẹ wá mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan padà láti apá Sípáníìṣì wò ó. Ẹni tó bá lọ tí kò padà ló máa ń ko àgbákò.

Ẹ jẹ́ ká fi "excited" ṣe é. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí *emocionado*, *entusiasmado*, *ilusionado*, *excitado*. Èyí tó kẹ́yìn ló jọ Gẹ̀ẹ́sì jù, òun náà ló sì léwu jù. Ẹ yí i padà, ẹ máa rí i pé ó sábà máa ń ní ìtumọ̀ ìbálòpọ̀ nínú tí a bá fi sọ èèyàn. Tó bá jẹ́ pé inú yín ń dùn sí ìrìn àjò tó ń bọ̀, *estoy emocionado* máa yé gbogbo èèyàn, *estoy ilusionado* sì dùn létí ní Sípéènì.

Fún ìpadàbọ̀ yìí, dikṣọ́nárì tó ń fi Sípáníìṣì túmọ̀ Sípáníìṣì ló dáa jù. Real Academia Española, àjọ tó ń bójú tó èdè Sípáníìṣì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1713, gbé tirẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ ní dle.rae.es. Ẹ máa wo àwọn àmì kéékèèké tó ṣáájú ìtumọ̀: *coloq.* sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni, *desus.* pé kò sẹ́ni tó ń lò ó mọ́, *malson.* pé kò bójú mu láàárín àwùjọ, *Méx.* tàbí *Arg.* pé Mẹ́síkò tàbí Ajẹntínà ni wọ́n ti ń lò ó. Àmì wọ̀nyí ti yọ mí nínú ìtìjú ju ìtumọ̀ fúnra rẹ̀ lọ.

Àwọn tó jọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọn kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀ pọ̀. *Embarazada* ni aboyún. Ẹni tí ojú ń tì ni *avergonzada*. *Sensible* ni ẹni tí nǹkan tètè ń dùn lára, ọlọ́gbọ́n inú ni *sensato*. *Actual* ni ti lọ́wọ́lọ́wọ́. *Largo* gùn, kò tóbi. *Sano* ní ìlera, ẹni tí orí rẹ̀ pé ni *cuerdo*. *Constipado* ní Sípéènì ni ẹni tí òtútù mú tó ń kán imú, ẹni tí ìgbẹ́ há mọ́ ni *estreñido*, kò sì dáa kéèyàn ṣi èyí sọ níwájú dókítà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni *educado*. Gẹ̀ẹ́sì á fẹ́ kí ẹ gbọ́ ẹni tó lọ sí yunifásítì. Rárá o. Ẹni tó ní ẹ̀kọ́ ilé ni, ọmọ tó mọ bí a ṣe ń kíni. *Maleducado* sì ni ẹni tí àwa náà ń sọ pé kò lẹ́kọ̀ọ́, bó tilẹ̀ ní oyè mẹ́ta. Yorùbá àti Sípáníìṣì pàdé níbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n bára wọn sọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wo ẹni tí wọ́n jọ ń rìn

Tó bá ku ọ̀rọ̀ méjì tí ẹ ò mọ èyí tí ẹ máa mú, ẹ kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀rọ̀ orúkọ rẹ̀ sínú àmì àyọlò, kí ẹ wá a lórí Google: "sopa espesa", lẹ́yìn náà "sopa gruesa". Ẹ má kàn ka iye èsì tó jáde. Ẹ ṣí méjì mẹ́ta, kí ẹ wo ẹni tó kọ ọ́ àti ohun tó ń sọ. Wíwo àwòrán náà dáa: tí ẹ bá wá *muebles antiguos* ní apá àwòrán, ojú yín á sọ ohun tí dikṣọ́nárì ò lè sọ. Ẹni tó bá fẹ́ lọ jìnnà lè lo CORPES, àkójọ tí Real Academia ṣe nínú ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn kọ tí wọ́n sì sọ láti 2001 síwájú. Ó máa ń fi orílẹ̀-èdè hàn pẹ̀lú. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀rọ atúmọ̀ èdè lẹ fẹ́ bi, gbólóhùn odindi ni kí ẹ fún un. Ẹ̀rọ tí a fún ní "light" nìkan máa méfò ni.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: *ser* àbí *estar*

Ọ̀rọ̀ ìṣe méjì ni Sípáníìṣì ní fún "to be" ti Gẹ̀ẹ́sì: *ser* (tó ń di *es*) àti *estar* (tó ń di *está*). Ọ̀rọ̀ tó yẹ lè sọ ohun tí kò yẹ tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìṣe tó gbé e kì í ṣe tirẹ̀. *Es listo*, orí rẹ̀ pé. *Está listo*, ó ti ṣe tán. *Es aburrido*, ó ń súni. *Está aburrido*, nǹkan ti sú u. *Es verde*, àwọ̀ ewé ni. *Está verde*, kò tíì pọ́n. *Es rico*, ó lówó. *Está rico*, ó dùn lẹ́nu. *Es orgulloso*, ó máa ń gbéra ga. *Está orgulloso de su hija*, ọmọ rẹ̀ obìnrin ń mú orí rẹ̀ wú.

Wọ́n á sọ fún yín pé *ser* ni ti ohun tó wà títí, *estar* ti ohun tó máa kọjá. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e, torí *está muerto* ni wọ́n ń sọ fún òkú, mi ò sì tíì rí òkú tó kọjá sípò míì. Ọ̀nà tèmi ni pé mo máa ń tẹ́tí sí "ti" nínú Yorùbá. Ó ti kú, *está muerto*. Ó ti rẹ̀ mí, *estoy cansado*. Ọbẹ̀ ti tutù, *la sopa está fría*. Wọ́n ti tì í, *está cerrado*. Ó ti kún, *está lleno*. Ibi tí "ti" bá ti fẹ́ wọlé, tàbí "kò tíì", *estar* ló sábà máa ń jẹ́. Ibi tó ti máa já yín kulẹ̀ ni ọjọ́ orí àti owó: ó ti dàgbà ni *es mayor*, ó ti di olówó, *es rico* ló ṣì máa jẹ́.

Ìgbésẹ̀ keje: iwájú àbí ẹ̀yìn, akọ àbí abo

Ẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ àpèjúwe wọn ń wà, bíi tiwa: aṣọ pupa, *camisa roja*. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń yí ìtumọ̀ padà tó bá bọ́ síwájú. *Un hombre grande* tóbi lára, *un gran hombre* ni èèyàn ńlá. *Un hombre pobre* ò lówó, *un pobre hombre* ló ń ṣe wá láàánú, ó sì lè ní mílíọ̀nù ní báńkì. *Un coche nuevo* ni ọkọ̀ tuntun tí ẹnì kan ò tíì wà, *un nuevo coche* ni ọkọ̀ míì tí a rà, ì báà ti lo ogún ọdún lọ́wọ́ ẹlòmíì. Àwọn kan tún máa ń gé ìrù wọn tí wọ́n bá bọ́ síwájú ọ̀rọ̀ akọ: *buen amigo*, *mal día*, *primer piso*, *tercer hijo*. *Gran* ní tirẹ̀ ń gé e fún akọ àti abo: *una gran mujer*.

Ti akọ àti abo, ìwé gbogbo ló kọ́ ọ, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ibi tó ń ta ọmọ Yorùbá lẹ́sẹ̀ ni pé "ó" kan ṣoṣo la ní fún ọkùnrin, obìnrin àti àga. Ẹ má fi lẹ́tà ìparí dá ọ̀rọ̀ mọ̀: *mano* parí sí *o* síbẹ̀ abo ni, *la mano derecha*. *Problema* parí sí *a* síbẹ̀ akọ ni, *un problema serio*. *Agua* ní tirẹ̀ ń gbé *el* kiri bí akọ, ṣùgbọ́n abo ni: *el agua fría*. Ẹ̀yin obìnrin tó ń kà á, *estoy cansada* ni tiyín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé *cansado* ni dikṣọ́nárì kọ.

Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn: ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?

Ó tó ogún orílẹ̀-èdè tó ń sọ Sípáníìṣì, ọ̀rọ̀ àpèjúwe wọn ò sì rí bákan náà. Inú tó ń bí èèyàn jẹ́ *enfadado* ní Sípéènì, *enojado* ní ibi púpọ̀ ní Látìn Amẹ́ríkà. *Apenado* ní Sípéènì ni ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́, ní Mẹ́síkò ni ẹni tí ojú ń tì. Àwọ̀ "brown" ló tún le jù: *marrón* ni Sípéènì ń lò, *café* ni Mẹ́síkò ń lò. Irun àti ẹyinjú ní ọ̀rọ̀ tiwọn, *castaño*. Béárì sì ní tirẹ̀, *oso pardo*. Búrẹ́dì "brown" tí wọn ò bó èèpo ọkà rẹ̀ kò ní àwọ̀ kankan nínú orúkọ rẹ̀: *pan integral*. Ẹ mú orílẹ̀-èdè kan, kí ẹ kọ́kọ́ dúró síbẹ̀. Mo yan Sípéènì fún ara mi, kì í ṣe pé ó sàn ju àwọn yòókù lọ, ibẹ̀ ni àwọn tí mò ń kọ lẹ́tà sí wà ni.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé gbólóhùn kan gba gbogbo ọ̀nà yìí: "My old brown leather suitcase is still in good condition." Mo sọ ọ́ ní Yorùbá: àpótí ìrìn àjò mi aláwọ, tó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, ṣì dáa. "Tó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi" ni mo sọ, mi ò sọ "tẹ́lẹ̀" tàbí "ayé àtijọ́", *vieja* nìyẹn, mo sì gbé e síwájú torí àpótí náà ti di ọ̀rẹ́ mi. "Aláwọ", *de cuero*. Àwọ̀ rẹ̀, *marrón*. "Ṣì dáa" jẹ́ bó ṣe wà, *está*, ìrù *bueno* sì gé níwájú *estado*: *Mi vieja maleta de cuero marrón todavía está en buen estado.*

Tí àpótí bá di méjì ńkọ́? *Mis viejas maletas de cuero marrón todavía están en buen estado.* *Vieja* ti di *viejas*, ṣùgbọ́n *marrón* ò mira, torí awọ ló ń ṣàpèjúwe, awọ ò sì di méjì. Tí ẹ bá yọ awọ kúrò, tí àwọ̀ náà wá so mọ́ àwọn àpótí fúnra wọn, nígbà náà ló máa di *mis viejas maletas marrones*.